Ẹ Bi Apòògùn Léèrè: Ẹ̀kọ́ Àfikún fún Apòògùn Tó Ń Ṣiṣẹ́ ní ICU

Lẹ́tà tó wọlé sí wa lóṣù yìí lórí iṣẹ́ apòògùn nínú yàrá ìtọ́jú àwọn tó wà láàárín ìyè àti ikú, èyí tí tonílé tàlejò ń pè ní ICU, pọ̀ ju ohun tí àyè wa lè gbà lọ. Mẹ́rin la mú nínú wọn. A kò dárúkọ àwọn tó kọ̀wé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe bẹ̀ wá.

Ìbéèrè kìíní

Ẹ̀gbọ́n wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti gba ìwé àṣẹ apòògùn, oṣù karùn-ún sì rèé tí wọ́n gbé mi kúrò níbi tí a ti ń ta oògùn fún àwọn aláìsàn lọ sí ICU ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn. Gbogbo ẹ̀kọ́ àfikún tó jẹ́ dandan ni mo ti ṣe, ìwé ẹ̀rí wọn sì wà nínú fáìlì mi láìdín kan. Síbẹ̀, bí àwọn dókítà bá ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, tí ọ̀gá wọn yíjú sí mi pé, “Apòògùn, kí lẹ rí sí i?”, ńṣe ni ahọ́n mi máa ń wúwo. Irú ẹ̀kọ́ wo ni kí n tún lọ kọ́?

Ìdáhùn

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run yóò máa fún ọ lókun. Kọ́kọ́ mú un kúrò lọ́kàn pé àìmọ̀wé ló ń dà ọ́ láàmú. Ẹ̀kọ́ inú gbọ̀ngàn wà fún gbogbo apòògùn, yálà ẹni tó ní ilé oògùn ní ìgboro ni tàbí ẹni tó wà ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe oògùn, bẹ́ẹ̀ sì ni ìbéèrè tí ọ̀gá dókítà bi ọ́ kan ẹnì kan ṣoṣo tó dùbúlẹ̀ síwájú rẹ, tí ìfúnpá rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. PCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wa ní Nàìjíríà, tí òfin ọdún 2022 tún fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, fi ẹ̀kọ́ àfikún ṣe dandan fún ẹni tó bá fẹ́ kí ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ibi tí ẹ̀kọ́ yẹn parí sí ni tìrẹ ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn ni pé lórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ni ẹ̀kọ́ apòògùn ICU gbọ́dọ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì gbọ́dọ̀ padà sí. Bí o bá ka ìwé odindi oṣù kan, tí ohun tí o kà kò yí ohunkóhun padà nínú ìtọ́jú aláìsàn kankan, ìwé lo kà, o kò tí ì kọ́ ẹ̀kọ́ tí ICU ń fẹ́.

Jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá, irú èyí tí wàá bá pàdé láìpẹ́ bí o kò bá tí ì pàdé rẹ̀. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàlélógún kan ṣubú lórí ọ̀kadà ní títì márosẹ̀, ó fi orí pa, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Lọ́jọ́ karùn-ún, ara rẹ̀ gbóná, kòkòrò ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Dókítà kọ meropenem, oògùn apakòkòrò, fún un ní ìwọ̀n tí ìwé là sílẹ̀. O wo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, creatinine rẹ̀, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń kó dànù, kéré, o sì sọ lọ́kàn ara rẹ pé kíndìnrín ọmọ yìí dára, kò sí ohun tí mo fẹ́ tún ṣe níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu fara pamọ́ sí. Kíndìnrín irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀, tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìpalára ńlá, lè máa ṣiṣẹ́ kọjá ààlà, kó máa fọ ẹ̀jẹ̀ tó ju 130 mìlílítà lọ ní ìṣẹ́jú kan. Oògùn tí a fún un láàárọ̀ yóò ti bá ìtọ̀ lọ tipẹ́ kí àkókò èyí tó kàn tó tó, kòkòrò yóò sì rí àyè gbérí. Gbogbo wa la kọ́ ní yunifásítì bí a ṣe ń dín oògùn kù fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń daṣẹ́ sílẹ̀. Díẹ̀ nínú wa ni wọ́n kọ́ láti béèrè ohun tó yẹ ká ṣe fún ẹni tí tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àṣejù.

Wo iye ẹ̀kọ́ tó ti jáde lára ọmọkùnrin kan yìí. Wàá fẹ́ mọ bí a ṣe ń wọn iṣẹ́ kíndìnrín rẹ̀ gan-an, ìyẹn ni kí a gba ìtọ̀ rẹ̀ jọ fún wákàtí díẹ̀, ká wọn creatinine inú rẹ̀, ká má gbára lé ìṣirò tí a fi ọjọ́ orí àti ìwọ̀n ara ṣe nìkan. Wàá fẹ́ mọ̀ bóyá kí abẹ́rẹ́ náà wọlé ní ìṣẹ́jú márùn-ún ló dára, tàbí kí ẹ máa fà á sí i lára fún wákàtí mẹ́ta. Ìlànà Surviving Sepsis Campaign, ìlànà àgbáyé lórí ìtọ́jú ẹni tí àkóràn ti ń ba ẹ̀yà ara rẹ̀ jẹ́, ti ọdún 2021 dábàá pé bí ìwọ̀n àkọ́kọ́ bá ti yára wọlé, kí a máa fa ìyókù gùn. Wàá tún wá bá ìbéèrè kan pàdé tó jẹ́ tiwa ju ti àwọn tó kọ ìlànà yẹn lọ: ṣé oògùn yìí á lè dúró nínú omi rẹ̀ ní yàrá tí iná ti lọ, tí amúlétutù ti dákẹ́, tí ooru sì ti gbòde? Meropenem tí a ti pò kì í pẹ́ dín lágbára, ooru sì tún máa ń mú kó yá sí i. Bí ẹnì kan bá ní kí a da gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, ká máa fà á fún wákàtí 24, ìwọ apòògùn ló gbọ́dọ̀ sọ pé kò ní ṣeé ṣe, kí a máa pò ó lọ́tun ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá yẹn tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ tó bí ó ṣe jẹ́ tìrẹ.

Nítorí náà, ra ìwé kékeré kan tó lè wọ àpò aṣọ funfun rẹ. Kọ ọjọ́ náà sí i, kọ oògùn náà, ohun tí wọ́n bi ọ́, ohun tí o dáhùn, ibi tí o ti rí ìdáhùn, ohun tí dókítà ṣe sí i, àti bí ara aláìsàn ṣe rí lọ́jọ́ kẹta. Má kọ orúkọ aláìsàn tàbí nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ sínú rẹ̀ láéláé. Ìlà tó ṣe pàtàkì jù lọ ni èyí tí o kọ sí i pé o kò mọ̀ ọ́n, nítorí òun ni ẹ̀kọ́ rẹ ti alẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, wàá rí ibi tí o kù díẹ̀ káàtó sí, yálà oògùn afúnni-lóorun ni, tàbí ọ̀rọ̀ kíndìnrín, tàbí oògùn tí a ń gba ọ̀nà rọ́bà imú fúnni. Ibẹ̀ ni kí o wá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ, má ṣe lọ síbi tí ìpè bá kàn ti wá.

Fún ti ahọ́n tó ń wúwo, kọ́ bí a ṣe ń sọ gbólóhùn yìí láìsí ìtìjú: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀ báyìí, màá mú ìdáhùn wá kí aago méjì tó lù.” Kí o sì mú un wá lóòótọ́. Mo ti rí ọ̀gá dókítà tó le bí ojú ẹja tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de apòògùn kí ó tó kọ oògùn, nítorí pé ẹni náà kò pa irọ́ fún un rí, kò sì yẹ àdéhùn aago méjì rí.

Bí o bá tún fẹ́ ohun tí wàá máa fi yẹ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan wò, lo FAST HUG, èyí tí Jean-Louis Vincent, dókítà ará Belgium, kọ jáde ní 2005. Ohun méje ló ní kí a máa béèrè lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́: oúnjẹ rẹ̀, ìrora rẹ̀, oògùn tó ń mú un sùn, ìdènà ẹ̀jẹ̀ dídì, gbígbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè, ìdènà ọgbẹ́ inú, àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Yàtọ̀ sí orí bẹ́ẹ̀dì, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò kan oògùn. Bí o bá ti béèrè méje yìí ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà láàárọ̀, ọ̀rọ̀ kò ní wọ́n ọ lẹ́nu mọ́.

Tó bá yá, bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti balẹ̀, wo ọ̀nà West African Postgraduate College of Pharmacists tó wà ní Yàbá, níbi tí apòògùn ti lè kẹ́kọ̀ọ́ nínú iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí yóò fi di fellow, ìyẹn ọmọ ẹgbẹ́ onípò gíga níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 2015 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àkànṣe fún apòògùn ICU, BCCCP ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá sì yege gbọ́dọ̀ tún un fìdí múlẹ̀ ní ọdún méje-méje. Méjèèjì gbayì. Ìwé kékeré inú àpò rẹ ni kí o fi ṣáájú wọn.

Ìbéèrè kejì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ mọ́kànlá ni bàbá mi lò ní ICU kí ó tó padà sílé, a dúpẹ́. Ojoojúmọ́ ni apòògùn kan máa ń wá síbi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tí á máa ka ìwé, tí kò sì ní kó oògùn kankan lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí a wá a, wọ́n ní ó lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Inú bí mi. Ṣé kì í ṣe ẹni tó ti kàwé jáde ni? Kí ló tún ń lọ kọ́ nígbà tí bàbá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì?

Ìdáhùn

Ẹ kú ewu bàbá, ẹ sì kú ìnáwó. Inú tó bí yín yé mi, nítorí ẹni tí èèyàn rẹ̀ wà ní ICU, wákàtí kan jọ ọdún kan lójú rẹ̀. Ó yẹ kí ilé ìwòsàn náà fi apòògùn mìíràn dípò rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n sì fi ojú ẹni náà hàn yín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣàṣìṣe.

Ìwé tí ẹ rí i pé ó ń kà ni ìwé tí wọ́n kọ gbogbo oògùn bàbá sí. Oògùn bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè máa wọ ara ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan náà ní ICU, òmíràn nínú wọn máa ń bá èkejì jà, òmíràn sì ń fẹ́ kí a dín in kù lọ́jọ́ tí kíndìnrín bá rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn Massachusetts General ní Boston, wọ́n fi apòògùn kún àwọn dókítà tó ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì ní ICU, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1999. Kí apòògùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn rìn, ìpalára tó ṣeé dènà, tó wá láti inú oògùn tí dókítà kọ, jẹ́ 10.4 nínú 1,000 ọjọ́ tí àwọn aláìsàn lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn rẹ̀, ó wálẹ̀ sí 3.5. Nínú ìmọ̀ràn 366 tí apòògùn náà mú wá lórí oògùn tí wọ́n kọ, 362 ni àwọn dókítà gbà. Ìyẹn ni iṣẹ́ ẹni tí kò kó oògùn lọ́wọ́.

Ìdí tó fi tún ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ni pé ohun tí a pè ní òtítọ́ ní ICU máa ń yí padà, nígbà mìíràn yóò sì yí padà pátápátá. Ní 2001, ìwádìí kan láti Leuven ní Belgium fi hàn pé bí a bá fi insulin tẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn mọ́lẹ̀ títí yóò fi wà láàárín 80 sí 110 mg/dL, àwọn tó ń kú á dín kù. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn lágbàáyé gbà á, wọ́n kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2009 ni ìwádìí tó tóbi jù ú lọ dé, NICE-SUGAR, tí àwọn aláìsàn inú rẹ̀ ju 6,000 lọ. Àwọn tí wọ́n tẹ ṣúgà wọn mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló kú jù: 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ó jẹ́ 24.9 láàárín àwọn tí wọ́n jẹ́ kí tiwọn ga díẹ̀, tí kò ṣáà ju 180 lọ. Ẹ fojú inú wo apòògùn kan tó jáde ní yunifásítì ní 2007 pẹ̀lú èsì tó dára jù lọ nínú kíláàsì, tí kò sì tún ka nǹkan mìíràn mọ́. Ohun tó mọ̀ dáadáa gan-an ni yóò fi ṣe bàbá yín léṣe.

Bí bàbá bá tún gbàtọ́jú níbikíbi, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé, “Ta ni apòògùn tó ń mójú tó oògùn bàbá wa?” Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò nílé wá, àti àgbo pẹ̀lú, ẹ má fi ọ̀kankan pamọ́ nítorí ìtìjú.

Ìbéèrè kẹta

Ẹ̀gbọ́n, Manchester ni mo wà, ICU ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Lọ́dọọdún ni mo máa ń kọ àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ mi ránṣẹ́ sí GPhC, ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn sì ni mo máa ń fi ìkánjú kọ gbogbo rẹ̀. Ó ń dun ọkàn mi. Báwo ni kí n ṣe é kó ní ìtumọ̀?

Ìdáhùn

Nítorí àwọn òǹkàwé tó wà nílé: GPhC ló ń ṣàkóso iṣẹ́ apòògùn ní England, Scotland àti Wales, ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2018 sì ń fẹ́ àkọsílẹ̀ mẹ́fà lọ́dún. Mẹ́rin jẹ́ ti ẹ̀kọ́ tí èèyàn kọ́, ó kéré tán méjì nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ti pinnu ṣáájú. Ìkan jẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ ẹni. Ìkẹfà ni èyí tí èèyàn ti ń ronú jinlẹ̀ lórí iṣẹ́ ara rẹ̀.

Àbúrò mi, mẹ́fà kéré. Ìwé kékeré tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí yóò fún ọ ní ọgbọ̀n lọ́dún, mẹ́fà tó dára jù ni wàá kàn ṣà nínú rẹ̀. Mú ọ̀kan tí yóò yí iṣẹ́ yàrá yín padà. Bí àpẹẹrẹ, vancomycin, oògùn apakòkòrò: tẹ́lẹ̀, ìwọ̀n tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ kí a tó fún aláìsàn ní òmíràn la máa ń wò, a ń fẹ́ kó wà láàárín 15 sí 20. Ìlànà àwọn ará Amẹ́ríkà ti ọdún 2020 ní kí a fi èyí sílẹ̀ fún àwọn tí MRSA, kòkòrò kan tí ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò kì í ràn, dá gúnlẹ̀, ká máa ṣírò àpapọ̀ oògùn tí ẹ̀jẹ̀ rí láàárín wákàtí 24, kó wà láàárín 400 sí 600, nítorí pé ti àtijọ́ ń pa kíndìnrín lára láìní ìdí. Bí yàrá yín bá ṣì ń lo ti àtijọ́, ẹ̀kọ́ ọdún yìí ti wà nílẹ̀ fún ọ: ka ìlànà náà, fi í ṣírò fún aláìsàn mẹ́wàá tó ti lọ, kó èsì rẹ̀ síwájú ọ̀gá rẹ.

Fún ti ìfọ̀rọ̀wérọ̀, má ṣe mú ọ̀rẹ́ tó máa ń yìn ọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ti pẹ́ ní ICU mọ ohun tó ṣòro nínú ìwé tí o máa ń kọ sílẹ̀ fún wọn ju apòògùn ẹgbẹ́ rẹ lọ.

Ìbéèrè kẹrin

Ọ̀gá mi, èmi ni mo jẹ́ olórí àwọn apòògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Èkìtì. Àwa mẹ́ta péré la wà, bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ni a fi ṣe ICU. Owó tí a lè fi rán ẹnikẹ́ni lọ síbi àpérò kò sí. Ṣé a lè ṣe ohunkóhun?

Ìdáhùn

Ẹ lè ṣe púpọ̀, sà. Ìlànà Surviving Sepsis Campaign kì í ṣe títà, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bákan náà ni ìwé àjọ WHO lórí oògùn apakòkòrò, AWaRe, tó jáde ní 2022. Ilé ìwòsàn yín lè forúkọ sílẹ̀ fún Hinari, ètò tí àjọ WHO fi ń ṣí ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn sílẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Èyí tó kù ni ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ kan pàtó tí ẹ kò ní yẹ̀ ẹ́: apòògùn kan á mú aláìsàn kan wá, á sọ ìbéèrè kan àti ohun tó rí kà lórí rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tó bá wà nílẹ̀ á sì dá sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é láìpe àwọn nọ́ọ̀sì. Mo ní ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, obìnrin kan tí gìrì ń mú wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì kọ phenytoin fún un. Mo yẹ ìwọ̀n rẹ̀ wò, ó tọ̀nà, mo fọwọ́ sí i, mo sì bá tèmi lọ. Nígbà tí mo padà dé lọ́sàn-án, gìrì náà ti tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbójú sókè wo àpò tó so kọ́, omi inú rẹ̀ ti funfun bí omi ẹ̀kọ, nǹkan bí ìyẹ̀fun wẹ́wẹ́ sì ti lẹ̀ mọ́ inú rọ́bà. Omi ṣúgà ni wọ́n pò ó mọ́. Omi oníyọ̀ nìkan ló yẹ kí a pò ó mọ́, nítorí pé nínú omi ṣúgà ńṣe ni oògùn náà máa ń yọ kúrò nínú omi, tí á dì. Mo ti kọ èyí sínú ìwé ìdánwò ní yunifásítì, mo sì gba máàkì lórí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó pò ó kò gbọ́ ọ rí, èmi tí mo mọ̀ ọ́n kò sì dé ibi tábìlì tí wọ́n ti ń po oògùn rí láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀. A yọ àpò náà, a tún un pò, gìrì dáwọ́ dúró lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n n kò lè gbàgbé wákàtí mẹ́rin tí obìnrin yẹn fi gba omi lásán.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìpàdé yín, ẹ fi ṣe ti tábìlì yẹn. Kí apòògùn kan dúró tì í láti aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí ó wo ohun tí wọ́n ń pò mọ́ kí ni, kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kó má bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ wo ibi tí wọ́n kó potassium chloride sí pẹ̀lú. Bí igò rẹ̀ bá wà láàárín omi tí wọ́n fi ń po abẹ́rẹ́, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ẹni tí wọ́n bá ti èyí tí a kò là bọ iṣan rẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ oògùn mẹ́wàá tí ẹ ń lò jù sórí bébà kan ní lẹ́tà gàdàgbà, ní èdè tí gbogbo yín jọ ń sọ: èyí tó ń fẹ́ omi oníyọ̀, èyí tó ń fẹ́ omi ṣúgà, iye ìṣẹ́jú tó gbọ́dọ̀ fi wọlé, èyí tí kò gbọ́dọ̀ bá èkejì gba rọ́bà kan náà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ibi tí ojú ẹni tó ń po oògùn yóò ti rí i láìyí ọrùn. Ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ já a, kí ẹ tún un kọ pẹ̀lú ohun tí ẹ ti kọ́.